CPT fún àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá gbogbo ìgbà tí àsìkò internship bá ti ń sún mọ́, torí ẹ̀ la ṣe kó wọn jọ síbí. Àwọn tó wà lórí F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, lọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ẹni tó bá wà lórí J-1, físà pàṣípààrọ̀, Academic Training ni tiẹ̀ ń jẹ́, òfin ẹ̀ sì yàtọ̀.

Kí ni CPT gan-an?

Ẹ rántí IT tí wọ́n máa ń lọ ní yunifásítì àti poly nílé, SIWES tí ITF dá sílẹ̀ ní 1973. CPT jọ ọ́ dáadáa: iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa lọ ṣe níta súkúù torí pé ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ béèrè fún un. Curricular Practical Training lorúkọ ẹ̀ ní kíkún. Nílé, lẹ́tà súkúù ti tó láti fi wọ ilé iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, àlejò ni yín, tí àṣẹ ò bá tíì sí lórí I-20 yín (ìwé tí súkúù fún yín tẹ́ ẹ fi gba físà), iṣẹ́ yẹn ò bófin mu, bó ti wù kí súkúù fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é tó.

Ohun tí òfin sọ ni pé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà lára ètò ẹ̀kọ́ tí súkúù ti là sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ internship, ó lè jẹ́ practicum, ó sì lè jẹ́ co-op tí èèyàn ti máa ń kàwé fúngbà díẹ̀, á lọ ṣiṣẹ́, á tún padà wá kàwé, bíi ti Northeastern ní Boston àti Drexel ní Philadelphia. University of Cincinnati ló bẹ̀rẹ̀ co-op yìí ní 1906, torí náà ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ló máa ń rú lójú.

Ta ló máa fún mi láṣẹ? Ṣé USCIS, ọ́fíìsì ìmígírésọ̀n ìjọba, ni mo máa kọ̀wé sí?

Rárá o. DSO súkúù yín ni, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Òun ló máa fi í sínú SEVIS, àkọsílẹ̀ tí ìjọba fi ń mójú tó akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè, á wá fún yín ní I-20 tuntun tí CPT máa wà lójú ewé kejì ẹ̀: orúkọ ilé iṣẹ́, bóyá part-time ni àbí full-time, ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀ fún ìjọba, kò sì sí káàdì kankan tẹ́ ẹ máa gbà.

Lẹ́kíjọ̀rà ò lè fún yín láṣẹ yìí. HOD ò lè fún yín. HR ilé iṣẹ́ náà ò lè fún yín. Wọ́n lè bá yín fọwọ́ sí fóòmù o, lẹ́tà wọn á sì wúlò, àmọ́ I-20 yẹn nìkan làṣẹ.

Ìgbà wo ni mo tó ẹni tó lè gbà á?

Ẹ gbọ́dọ̀ ti kàwé full-time fún odindi ọdún ẹ̀kọ́ kan, sẹ̀mẹ́sítà méjì nìyẹn ní ọ̀pọ̀ súkúù. Àwọn tó ń ṣe másítàs tàbí PhD nìkan lòfin gbà láyè kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, ìyẹn náà tí ètò ẹ̀kọ́ wọn bá sọ ọ́ di dandan pé kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ń ṣe MSW, ìyẹn másítàs social work: CSWE tó ń fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ social work ní Amẹ́ríkà sọ pé wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ṣiṣẹ́ ní field ò gbọ́dọ̀ dín sí 900, ti BSW, dìgírì àkọ́kọ́, jẹ́ 400, ọ̀pọ̀ súkúù ló sì ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má ní láti dúró dọdún.

Lápá kejì, CPT ò lè kọjá ọjọ́ tí ètò ẹ̀kọ́ yín máa parí. Tẹ́ ẹ bá ti parí ẹ̀kọ́, OPT (Optional Practical Training), àṣẹ iṣẹ́ mìíràn fún àwọn F-1, ló kù tẹ́ ẹ lè béèrè.

Ìwé wo ni mo máa kó lọ bá DSO?

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni lẹ́tà iṣẹ́ tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ lórí. Ó gbọ́dọ̀ sọ irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, iye wákàtí lọ́sẹ̀, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìparí, àti ibi tẹ́ ẹ ti máa máa ṣe é. Ọ̀pọ̀ súkúù á tún ní kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì internship, kí olùdámọ̀ràn yín ní dípátímẹ́ǹtì sì fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ náà bá ẹ̀kọ́ yín mu. Ẹ bi wọ́n léèrè iye tí kirẹ́díìtì kọ́ọ̀sì yẹn máa jẹ́ o, torí owó súkúù ni, àwọn kan ò sì mọ̀ títí bíìlì fi dé.

Ohun tó sábà máa ń jẹ́ kí wọ́n dá ìwé padà ni lẹ́tà tí ò sọ iṣẹ́ náà yéni. Tí wọ́n bá kàn kọ "assistant" síbẹ̀, DSO ò lè mọ bó ṣe kan Public Health tẹ́ ẹ̀ ń kà. Ẹ ní kí ilé iṣẹ́ kọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe gan-an. Ẹ sì tètè gbé e lọ, May àti August lọwọ́ ọ́fíìsì wọn máa ń dí jù.

Ọ̀gá ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, DSO ò tíì fún mi ní I-20. Ṣé mo lè lọ jókòó fún training lásán?

Ẹ má lọ, ẹ jọ̀ọ́. Training iṣẹ́ ni. Orientation tí wọ́n ń sanwó fún, iṣẹ́ ni. Kí wọ́n gbé laptop fún yín kẹ́ ẹ máa dá íméèlì lóhùn nílé, iṣẹ́ náà ni. DSO ò sì lè fi ọjọ́ tó ti kọjá síbẹ̀ fún yín, tí ọjọ́ bá ti lọ ó ti lọ nìyẹn. Ọjọ́ kan péré tẹ́ ẹ bá ṣe ṣáájú ọjọ́ tó wà lórí I-20, iṣẹ́ láìgbàṣẹ ni lójú ìmígírésọ̀n, ó sì lè jáde lẹ́yìn ọdún mélòó kan nígbà tẹ́ ẹ bá ń wá H-1B, físà òṣìṣẹ́, tàbí green card.

Mo mọ̀ pé owó ilé ń lé yín, mo mọ ohun tí dọ́là ti sọ òbí tó ń fi náírà ránṣẹ́ dà. Síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tẹ́ ẹ fi dúró ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tẹ́ ẹ lè pàdánù. Ẹ kọ íméèlì sí ọ̀gá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti fún yín níṣẹ́, ẹ sọ fún un pé súkúù ló máa fún yín láṣẹ, ẹ ti béèrè fún un, ẹ ò sì lè bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i gbà, kí wọ́n jọ̀ọ́ sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ síwájú. Ọ̀pọ̀ wọn á gbà. Kíkún fóòmù HR àti background check ò burú kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Part-time àbí full-time, èwo ni kí n mú?

20 wákàtí lọ́sẹ̀ wá sílẹ̀ ni part-time. Tó bá ti lé lórí 20 báyìí, full-time ni. Èyí tí wọ́n kọ sórí I-20 lẹ máa tẹ̀ lé. Tí wọ́n bá kọ part-time tẹ́ ẹ wá ṣe wákàtí 25 lọ́sẹ̀ kan torí pé iṣẹ́ pọ̀, ẹ ti kọjá àṣẹ.

Ibi tó ti ń dun àwọn èèyàn rèé: tẹ́ ẹ bá lo full-time CPT fún oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìpele ẹ̀kọ́ kan, ẹ ti pàdánù OPT ìpele yẹn pátápátá. Part-time ò sí nínú ìṣírò yẹn rárá, iye tó wù kó jẹ́. Ẹni tó wà ní súkúù co-op tó ṣe oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀mejì, 12 ti pé nìyẹn, OPT ti lọ, tó bá sì jẹ́ ẹ̀kọ́ STEM (sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò) ló ń kà, oṣù 24 tí wọ́n máa ń fi kún OPT bá a lọ, torí ìyẹn ò lè wà láìsí àkọ́kọ́. Oṣù 36 lápapọ̀! Kẹ́ ẹ tó gba co-op kejì, ẹ ní kí DSO ṣírò ọjọ́ yẹn fún yín ní kíkọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bọ́ sí ìpele tó ga sí i, ẹni tó ti BSc bọ́ sí másítàs, ìṣírò á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Mo ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì súkúù. Ṣé mo lè ní CPT pẹ̀lú ẹ̀? DoorDash tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ kiri ńkọ́?

Iṣẹ́ inú súkúù ní òfin tiẹ̀: 20 wákàtí lọ́sẹ̀ nígbà tí súkúù bá ń lọ lọ́wọ́, ó sì lè jẹ́ full-time nígbà hólídè. CPT náà ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n lè wà pọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí DSO mọ̀ sí méjèèjì, torí àwọn súkúù kan ní gbèdéke tiwọn.

DoorDash, Uber, Instacart, rárá. CPT ilé iṣẹ́ kan lẹ gbà, kò ṣí ilẹ̀kùn fún òmíràn. Èyí kan àwọn iṣẹ́ tá ò kà sí iṣẹ́ láàárín ara wa náà: irun dídì tí wọ́n ń sanwó fún, jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n ní kẹ́ ẹ sè fún òde ọjọ́ Sátidé, MC, DJ, fọ́tò yíyà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé Zelle, áàpù tí wọ́n fi ń ṣe transfer, ni wọ́n fi sanwó, pé kò séwu.

Wọn ò ní san kọ́bọ̀ fún mi níbi tí mo fẹ́ lọ. Ṣé mo ṣì nílò CPT?

Ẹ gbà á. Tí placement yẹn bá jẹ́ dandan nínú ẹ̀kọ́ yín, ọ̀pọ̀ súkúù ló máa fẹ́ kẹ́ ẹ gba CPT bí wọn ò tiẹ̀ sanwó. Àìsanwó ò sọ pé kì í ṣe iṣẹ́, pàápàá tó bá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n máa ń sanwó fún ẹlòmíràn láti ṣe. Ilé iṣẹ́ tó ń jèrè ò kàn lè pe òṣìṣẹ́ ní volunteer kó sì máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìdí mìíràn tún ni pé wọ́n lè gbádùn iṣẹ́ yín kí wọ́n ní àwọn fẹ́ fún yín ní stipend láàárín méjì. Tí CPT bá ti wà nílẹ̀ ẹ ò ní ṣe wàhálà.

Báwo ni mo ṣe máa gba SSN, nọ́ńbà Social Security?

Ẹ lọ sí ọ́fíìsì Social Security pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù, I-94 (àkọsílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe wọ Amẹ́ríkà), àti I-20 tí CPT wà lórí ẹ̀. Fóòmù SS-5 ni wọ́n máa ń kún, ọ̀fẹ́ ni. Wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ yín tó bá ṣì ku ju 30 ọjọ́ lọ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí káàdì ò tíì dé, tí ọjọ́ orí I-20 bá ti pé. Ẹni tó ti gbà á nígbà iṣẹ́ inú súkúù ò tún nílò òmíràn, nọ́ńbà kan náà lèèyàn ń lò títí láé.

HR ní àfi kí n mú EAD, káàdì àṣẹ iṣẹ́, wá, mi ò sì ní in. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ ò lè ní in, torí CPT ò ní káàdì. Fún I-9, fóòmù tí ilé iṣẹ́ fi ń yẹ àṣẹ iṣẹ́ òṣìṣẹ́ wò, pásípọ́ọ̀tù yín, I-94 àti I-20 tí DSO ti kọ CPT sí, àwọn mẹ́ta yẹn pa pọ̀ ni List A, wọ́n ti tó. Ẹ fọ̀wọ̀ sọ fún HR pé kí wọ́n wo M-274, ìwé ìtọ́sọ́nà tí ìjọba ṣe fún àwọn agbanisíṣẹ́ lórí I-9, ó wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ṣì ń ṣiyèméjì, DSO lè kọ lẹ́tà ṣókí fún wọn.

Ẹ̀yin máa kún apá tiyín ó pẹ́ jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ilé iṣẹ́ sì ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn láti yẹ ìwé yín wò. Kò pọn dandan kí ilé iṣẹ́ wà lórí E-Verify, ètò ìjọba tí wọ́n fi ń yẹ àṣẹ iṣẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, STEM OPT ló nílò ìyẹn.

Wọ́n ń yọ Social Security àti Medicare (owó ìfẹ̀yìntì àti ti ìlera) nínú owó mi. Ṣé ó tọ́?

Fún ọ̀pọ̀ nínú yín, kò tọ́. Ẹni tó wà lórí F-1 tó ṣì jẹ́ nonresident, àlejò, lójú IRS tó ń gba owó orí ò ní san owó yẹn fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Ọdún kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń kà o, ẹni tó wọlé ní December 2023, 2023 ti di ọdún kan, á parí ní òpin 2027. Owó náà jẹ́ 6.2% àti 1.45%, 7.65% lápapọ̀, kì í ṣe owó kékeré lórí owó oṣù akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kọ́kọ́ ní kí payroll dá a padà. Tí wọ́n bá kọ̀, Fóòmù 843 àti 8316 lẹ máa fi béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ IRS.

Owó orí tòótọ́ ṣì wà o, ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ yín láti India tàbí China lè máa sọ pé àwọn ń rí ẹ̀dínwó gbà nípasẹ̀ àdéhùn owó orí. Nàìjíríà ò ní irú àdéhùn yẹn pẹ̀lú Amẹ́ríkà, ẹ má kọ ọ́ sórí fóòmù yín. Fóòmù owó orí 1040-NR àti fóòmù 8843 ni tiyín, 1040 lásán kọ́. Ẹni tí ò rí kọ́bọ̀ gbà lọ́dún yẹn náà máa fi 8843 ránṣẹ́.

Ilé iṣẹ́ fẹ́ kí n fi oṣù méjì kún un. Àbí tí wọ́n bá gbé mi lọ sí ìlú mìíràn?

Ẹ padà sọ́dọ̀ DSO kí ọjọ́ tó wà lórí I-20 tó pé. Lẹ́tà tuntun, àṣẹ tuntun. Tí ọjọ́ bá pé tí tuntun ò tíì jáde, ẹ dúró sílé. Tẹ́ ẹ bá yí ilé iṣẹ́ padà, CPT àkọ́kọ́ ò tẹ̀ lé yín lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ irú iṣẹ́ kan náà. Ibi iṣẹ́ tó yí padà àti iṣẹ́ tó di ti orí íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé, ẹ sọ ọ́ fún DSO kó tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ lè ṣe ilé iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní àṣẹ tiẹ̀.

Ṣé mo lè lọ sílé láàárín CPT?

CPT ò dí yín lọ́wọ́. Ẹ mú I-20 tí DSO ti fọwọ́ sí fún ìrìn àjò láàárín ọdún kan sẹ́yìn dání, pẹ̀lú lẹ́tà iṣẹ́. Físà ni ká wò dáadáa. Láti July 2025 ni Amẹ́ríkà ti ń fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ní físà oṣù mẹ́ta tí wọ́n lè fi wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ààrẹ Trump tún fọwọ́ sí àṣẹ mìíràn ní December 2025 tó dá físà F, M àti J dúró fún àwọn ọmọ Nàìjíríà láti January 1, 2026, Benin àti Togo náà wà nínú ẹ̀. Ẹni tí físà rẹ̀ ti kú lè máa gbé ní Amẹ́ríkà kó sì máa ṣiṣẹ́ CPT rẹ̀ lọ láìséwu. Àmọ́ tó bá jáde, pípadà wọlé lè má ṣeé ṣe. Tí bàbá tàbí ìyá bá ń ṣe òkú nílé, mo mọ bó ṣe máa ń rí lára, ẹ ṣì bá DSO tàbí lọ́yà sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n ní súkúù kan wà tó ń fúnni ní CPT láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣé ó dáa?

Ohun tí wọ́n ń pè ní Day-1 CPT nìyẹn. Bí mo ṣe sọ lókè, òfin gbà á fún másítàs àti PhD tí iṣẹ́ bá jẹ́ dandan nínú ètò ẹ̀kọ́ wọn látìbẹ̀rẹ̀. MSW tó ní field placement, ó yéni. Wàhálà wà níbi tó ti jẹ́ pé iṣẹ́ lèèyàn ń wá, tó wá fi súkúù bo orí ẹ̀: kíláàsì ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, súkúù ní ìpínlẹ̀ kan, iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kọ́ọ̀sì tí ò kan iṣẹ́ náà rárá.

Ẹ wo àwọn tó ti ṣẹlẹ̀. Tri-Valley University ní Pleasanton, California, ìjọba tì í pa ní January 2011, ìdààmú sì bá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀. Obìnrin tó dá a sílẹ̀ gba ẹ̀wọ̀n tó lé lọ́dún 16 ní 2014. University of Farmington ní Michigan ńkọ́? Àwọn agbófinró ìmígírésọ̀n gan-an ló dá a sílẹ̀, kò ní kíláàsì, kò ní tíṣà. Nígbà tó fojú hàn ní January 2019, wọ́n kó ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ padà sílé. Àwọn tó ti sanwó níbẹ̀ rò pé bí ìjọba bá ti fọwọ́ sí súkúù, ó ti parí nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ lọ súkúù tó ń fúnni ní Day-1 CPT, ẹ bi ara yín: ṣé mo máa kàwé yìí bí kò bá sí iṣẹ́ nínú ẹ̀? Tó bá jẹ́ rárá, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ sí kíláàsì, kẹ́ ẹ tọ́jú gbogbo iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe níbẹ̀, torí USCIS lè béèrè ẹ̀ lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ bá bá yín wá H-1B.

Mo ti ṣiṣẹ́ kọjá ọjọ́ tó wà lórí I-20 mi. Kí ni mo lè ṣe báyìí?

Ẹ dáwọ́ iṣẹ́ yẹn dúró lónìí. Lẹ́yìn náà ẹ wá lọ́yà ìmígírésọ̀n kẹ́ ẹ tó ṣàlàyé ohunkóhun fún súkúù, torí DSO ní ojúṣe sí SEVIS, lọ́yà yín ò sì lè tú àṣírí yín. Ọ̀pọ̀ súkúù ní ọ́fíìsì tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lórí òfin, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ ìmígírésọ̀n.

Ẹ má gbọ́kàn lé reinstatement, ìyẹn kí ìjọba dá ipò F-1 yín padà, torí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ láìgbàṣẹ ò sí lára àwọn tí òfin ṣe é fún. Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tó dá lórí bí ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Ẹ má sì fi ọjọ́ tí kì í ṣe òótọ́ sórí fóòmù kankan láti fi bò ó. Irọ́ lórí fóòmù ìjọba ń dá ìyà tiẹ̀ sílẹ̀, ó sì máa ń le ju ti iṣẹ́ náà lọ.

Ìyàwó mi wà lórí F-2, físà ìdílé ẹni tó wà lórí F-1. Ṣé òun náà lè ṣiṣẹ́?

Rárá, F-2 ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Ó lè kàwé part-time. Tó bá fẹ́ ṣe CPT, òun fúnra ẹ̀ máa kọ́kọ́ di F-1.

Internship ti parí. Àwọn ìwé wo ni kí n tọ́jú?

Gbogbo I-20 tẹ́ ẹ ti gbà rí, ti àtijọ́ àti tuntun, ẹ má ju ọ̀kan nù. Lẹ́tà iṣẹ́, payslip, W-2, íméèlì tí DSO fi fọwọ́ sí i, ìwé kọ́ọ̀sì internship àti máàkì yín, ẹ ya wọ́n sórí fóònù, kẹ́ ẹ tún fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí íméèlì tara yín, torí íméèlì súkúù lè kú lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá jáde.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ OPT, 90 ọjọ́ ṣáájú ìparí ètò ẹ̀kọ́ yín ni fèrèsé ẹ̀ ń ṣí, ó máa ń tì ní 60 ọjọ́ lẹ́yìn ẹ̀, USCIS sì ni ti ìyẹn, owó wà níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 90 yẹn gan-an.